Koi Kì í Ṣe Àrọ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín Lórí Adágún Ẹja Ẹ̀yìnkùlé

Nínú ìwé tó dé ọwọ́ mi lóṣù yìí, ẹja koi ni ọ̀pọ̀ ń béèrè nípa rẹ̀, ẹja aláràbarà tí àwọn èèyàn ń sìn lẹ́yìnkùlé fún ẹwà. Mo mú mẹ́fà dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé nípa táńkì tó ń jò àti ṣaláńgá tó kún, ẹ ṣe sùúrù fún mi di oṣù tó ń bọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Adágún ẹja àrọ̀ kan wà lẹ́yìnkùlé mi ní Àkóbọ̀, n'Íbàdàn. Búlọ́ọ̀kù la fi kọ́ ọ. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 8, ó sì jìn ní 3. Ọ̀wọ́n oúnjẹ ẹja ló jẹ́ kí n pa á tì. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ di adágún koi tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi á máa jókòó tì nírọ̀lẹ́. Bíríkìlà tí mo pè ní kí n ṣáà kùn ún lọ́dà, kí n da omi sí i, kí n lọ ra ẹja. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rọrùn tó? (Bàbá Fẹ̀yìntì, Àkóbọ̀)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ohun tí bíríkìlà yín kò mọ̀ ni pé koi kì í ṣe àrọ̀. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara kan nínú orí tó fi lè gba irú afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí. Bó bá ti yọ ẹnu sókè omi, ó ti mí nìyẹn. Ìdí rèé tí ẹ fi lè kó ọ̀pọ̀ rẹ̀ sínú omi tó ti dúdú, tí kò rú, kí wọ́n sì máa sanra níbẹ̀. Ìdí rèé náà tí wọ́n fi ń gbé e láti ọjà dé ilé nínú abọ́ tí kò ní omi, tí á ṣì máa fò sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ pa á. Koi kò ní irú ẹ̀yà ara yẹn. Ọ́síjìn tó ti yòrò mọ́ omi nìkan ló gbójú lé. Bẹ́ẹ̀, bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tó lè gbà mọ́ra ń dín kù. Omi tó tutù dé 10°C lè gba bíi mílígíráàmù 11 nínú lítà kan. Omi tiwa níhìn-ín tó ń lọ sí 28°C kò lè gbà tó 8. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nípa kíkọ́ adágún koi nílẹ̀ wa, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá: omi gbọ́dọ̀ máa rìn tọ̀sán-tòru, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi jíjìn. Ẹsẹ̀ bàtà 3 kéré. Oòrùn ọ̀sán á sè é, òru á mú un tutù, ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á sì lè dúró sínú rẹ̀ máa ṣa ẹja jẹ. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àbọ̀ omi ni mo fẹ́ fún yín. Àmọ́ ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, torí ẹ ó jẹ ìpìlẹ̀ ògiri. Ògiri ni kí ẹ gbé sókè, ẹsẹ̀ bàtà 2 lórí èyí tó wà nílẹ̀. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa kan ògiri náà láti igun dé igun. Bó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, wọ́n rọ kọnkéré sínú búlọ́ọ̀kù náà nìyẹn, ó ṣeé gbé nǹkan lé. Bó bá ń dún gbọ̀ǹgbọ̀ǹ, inú rẹ̀ ṣófo, kò ní lè gba agbára omi tó máa tì í. Ẹ wó o, kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù oníínṣì 9 kọ́ òmíràn, kí irin ró sínú ihò rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kí wọ́n sì rọ kọnkéré kún un.

Ògiri tó yọ sókè ilẹ̀ yìí máa ṣe yín lóore mìíràn. Ọ̀gbàrá òjò kò ní ru erùpẹ̀ àti epo mọ́tò wọ inú omi, ẹ̀yin àti ìyá á sì rí ibi jókòó sí létí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọmọ bá ń wá sílé yín, ẹsẹ̀ bàtà 2 kò lè dá ọmọ ọdún mẹ́ta dúró. Ẹ ṣe irin yí i ká, kí gétì rẹ̀ ní àgádágodo, tàbí kí ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin alájọ̀ tó lágbára tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ omi ní íǹṣì díẹ̀ sí òkè. Èmi kì í gba iṣẹ́ adágún nílé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ bí onílé kò bá gbà láti ṣe èyí. Mo ti pàdánù oníbàárà nítorí rẹ̀, mi ò sì ní yí i padà.

Ó kan páìpù wàyí, tí í ṣe iṣẹ́ mi gan-an. Ẹ fọ́ àárín ilẹ̀ adágún náà, kí ẹ ri páìpù oníínṣì 4 sínú rẹ̀, kí ó gba abẹ́ ògiri jáde. Lẹ́yìn náà ni kí bíríkìlà tún ilẹ̀ náà rẹ́, kí ó dà gẹ̀rẹ́ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ wá sí ojú páìpù yìí. Gbogbo ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán àti ewé tó rà, àárín ni wọ́n máa yí wá, páìpù á sì fà wọ́n lọ. Bí kò bá sí páìpù abẹ́ yìí, ẹ̀yin ni ẹ ó máa wọnú omi lọ fi ọwọ́ kó o. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́líbò tó ṣẹ́ lójijì sí i lábẹ́ ilẹ̀. Èyí tó rọra yí ni kí wọ́n lò, méjì dípò ẹyọ kan, nítorí ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ ni ìdọ̀tí ti máa dì, ẹ kò sì lè fọ́ kọnkéré ní gbogbo ìgbà tó bá dí. Tí ẹ bá rẹ́ ilẹ̀ yẹn tán láìfi páìpù sí i, ó parí. Kò ṣeé padà fi sí.

Páìpù náà á já sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù onílítà 200, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe: ẹnu dúrọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ ga ju ojú omi adágún lọ díẹ̀, kí omi inú dúrọ́ọ̀mù àti ti adágún lè wà ní ìwọ̀n kan náà. Bí dúrọ́ọ̀mù bá rẹlẹ̀ jù, gbogbo omi yín máa ṣàn dà sílẹ̀ mọ́jú. Dúrọ́ọ̀mù kìíní, ẹ má fi nǹkan kan sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí tó wúwo máa rọlẹ̀ sí, ẹ ó sì ṣe ẹnu fáàfù sí ìdí rẹ̀ tí ẹ ó máa ṣí láràárọ̀. Ìkejì, ẹ kó fóòmù àti àwọ̀n oníke sí i, kó máa sẹ́ èyí tó ṣì léfòó. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ kó àjákù páìpù wẹ́wẹ́ àti ìdérí ìgò oníke kún inú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ máa hó lábẹ́ wọn. Ara àwọn ike wọ̀nyí ni kòkòrò àìfojúrí máa gbé, àwọn ló sì máa gba ẹja yín là. Ẹja ń tú amóníà sínú omi nígbà gbogbo, ó sì jẹ́ oró fún un. Kòkòrò yìí ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ oró. Òmíràn nínú wọn á sì sọ ìyẹn di nitrate, tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, tí omi tuntun tí ẹ bá ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ máa gbé lọ. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fi omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì (oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi) tàbí ọṣẹ fọ àwọn ike yìí láéláé. Omi inú adágún náà ni kí ẹ fi ṣàn wọ́n.

Pọ́ǹpù á wà nínú dúrọ́ọ̀mù ìkẹyìn, á gbé omi tó ti mọ́ sókè, kó máa já padà sínú adágún láti òkè, kó máa ta yẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí gbogbo omi náà gba inú fílítà, ìyẹn àwọn dúrọ́ọ̀mù wọ̀nyí, kọjá lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí méjì. Adágún yín máa gba nǹkan bíi lítà 12,000, nítorí náà pọ́ǹpù tó lè gbé lítà 6,000 ní wákàtí kan lẹ ń wá. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀ dáadáa. Iye tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ìgbà tí kò gbé omi sókè rárá ni; bó bá ti ń gbé e gòkè, iye yẹn ń já wálẹ̀. Ẹ ra èyí tó tóbi ju ohun tí ẹ ń wá lọ díẹ̀.

Ní ti iná, ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe wà. Pọ́ǹpù lè dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan kì í jẹ iná tó fáànù àjà, bátìrì àti sólà kékeré sì lè gbé e dé ilẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó ra ẹja kan ṣoṣo, ẹ ra ìyẹn. Bí pọ́ǹpù bá sì ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ má kàn tàn án padà nígbà tí iná bá dé. Omi tó dúró sínú dúrọ́ọ̀mù ti bàjẹ́, àwọn kòkòrò wa ti ń kú nínú rẹ̀. Ẹ ṣí fáàfù, ẹ tú omi yẹn dànù, kí ẹ tó jẹ́ kó rìn padà.

Torí pé ògiri tuntun ti pàdé ògbólógbòó, ibi ìpàdé wọn lè máa jò. Ẹ ra rọ́bà adágún, kí ẹ tẹ́ ẹ bo gbogbo inú rẹ̀. Ìyẹn náà ni kò ní jẹ́ kí oró sìmẹ́ǹtì kan omi. Bí ẹ bá ní kọnkéré lásán lẹ fẹ́, omi àkọ́kọ́ tí ẹ bá rọ sí i lè ní pH (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí tàbí bí ó ṣe dà bí omi eérú sí) tó lé ní 11, kò sì sí ẹja tó lè gbé ibẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ dà á nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, ẹ tún rọ òmíràn, títí pH á fi wálẹ̀ sí 8.5 tàbí kó rẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ẹja. Ẹ fi mẹ́ta kékeré bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dán omi wò fún amóníà àti nitrite. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí kòkòrò fílítà tó pọ̀ tó iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ẹ̀rí bá ti fi hàn pé méjèèjì ti di òdo, ẹ lè máa fi kún un. Ẹja kan sí lítà 1,000 ni mo fara mọ́, nítorí náà ẹ má kọjá 12. Mo mọ̀ pé á kọ́kọ́ ṣófo lójú yín. Ẹja tó dà bí ìka ọwọ́ yẹn lè gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2, ó sì lè lò ju ọdún 25 lọ láyé.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Ẹja koi mẹ́jọ ni mo ní nínú adágún mi ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ti máa ń kó ẹnu sókè omi láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n á máa pòyì ẹnu bí ẹni ń wá nǹkan jẹ. Mo rò pé ebi ni, mo sì ń fi kún oúnjẹ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kò síná fún òru méjì. Ilẹ̀ mọ́, mo bá mẹ́fà tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n ti kú. Àwọn kékeré méjì ló kù. Omi náà ti di àwọ̀ ewé tipẹ́. Aládùúgbò kan wà tí ariwo pọ́ǹpù ń bí nínú, àwọn ará ilé mi sì ní òun ló da májèlé sí i. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ó dùn mí pẹ̀lú yín, ẹja téèyàn fọwọ́ bọ́ kúrò ní nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá aládùúgbò yín jà. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí ti sọ ẹni tó pa wọ́n: àìsí ọ́síjìn ni. Ẹ wo ẹ̀rí mẹ́ta. Àwọn ńlá ló kú, àwọn kékeré ló kù. Nígbà tí ọ́síjìn bá tán, ẹja ńlá ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí ohun tí ara wọn ń fẹ́ pọ̀. Ìdájí ni wọ́n kú. Ẹ sì ní omi náà ti di àwọ̀ ewé.

Ohun wínníwínní tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé yẹn, ewéko ni. Bí oòrùn bá wà, wọ́n ń tú ọ́síjìn sínú omi, omi á sì dára lójú yín lọ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí, wọ́n á máa bá ẹja du ìwọ̀nba tó wà. Ìgbà tí ó fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ó ti kù díẹ̀ kó tán. Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, omi tó ń já á máa dí àlàfo yẹn. Bí iná bá lọ, kò sí ohun tí yóò dí i. Ẹja tí ẹ rí tó ń kó ẹnu sókè kì í ṣe ebi ló ń pa á, èémí ló ń wá. Oúnjẹ tí ẹ fi kún un sì tún rà nínú omi, ó jẹ nínú ọ́síjìn tó kù.

Bí ẹ bá tún rí i bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn tí kò síná, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ mú garawa, ẹ bu omi inú adágún náà gan-an, ẹ gbé e sókè dé àyà yín, kí ẹ sì máa dà á padà kó máa ta. Kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta gbà á ṣe lọ́wọ́ yín. Ẹ tún ṣí omi tuntun sí i láti òkè, díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba, ẹ ti gbọ́dọ̀ pa oró kilorínì inú rẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ rọ omi bòhóòlù sí i tààrà láti inú páìpù tó wọ ìsàlẹ̀ adágún, nítorí omi abẹ́ ilẹ̀ sábà máa ń jáde láìní ọ́síjìn tó tó nǹkan. Ó gbọ́dọ̀ fò nínú afẹ́fẹ́ kó tó kan ẹja.

Fún àwọn méjì tó kù: ẹ má fún wọn lóúnjẹ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ẹ ta nǹkan bo ìdajì adágún lórí kí oòrùn má baà bọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ alábátìrì. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹja mìíràn, ẹ fi ra ìyẹn ná.

ÌBÉÈRÈ: Àwọn ayálégbé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní bí mo bá gbẹ́ adágún, ẹ̀fọn ni mo fẹ́ fi pa wọ́n. Ṣé òótọ́ ni? (Lánléèdì)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe òótọ́, ìyá. Omi tó dúró tí kò lẹ́ja ni ẹ̀fọn ń yé sí. Koi ń jẹ tanwíjí tìfẹ́tìfẹ́, omi tó sì ń rú kò rọ̀ ẹ̀fọn lọ́rùn. Ẹ bá mi wo ẹ̀yìn ilé kí ẹ wo táyà àtijọ́, agolo àti gọ́tà tó dí. Ibẹ̀ lẹ̀fọn wọn ti ń wá. Tí ẹ bá fi ìkòkò òdòdó omi sí ẹ̀gbẹ́ adágún, ẹ rí i pé ẹja kékeré wà nínú òun náà.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kent ni mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ gádínì mi, ó ti jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ọkọ mi ní kí n dúró níbẹ̀, torí amọ̀ ibí le. Ẹ̀rù òtútù sì ń bà mí. Ṣé mo gbọ́dọ̀ ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná? (Àbúrò yín, Kent)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ìwọ àtọkọ. Ìlú yẹn gan-an ni mo ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan koi, nígbà tí mò ń bá ọ̀gá mi ṣe páìpù lágbàlá bàbá òyìnbó kan. Bá mi bẹ ọkọ rẹ: kó tún gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tìrẹ yàtọ̀ sí tiwa níhìn-ín. Omi tútù ń gba ọ́síjìn dáadáa, nítorí náà ìyẹn kì í ṣe ìṣòro rẹ. Kí omi má máa yí padà lójijì ni jíjìn wà fún lọ́dọ̀ tìrẹ, kí ẹja lè rí ìsàlẹ̀ sá sí nígbà tí òkè bá di yìnyín.

Koi kì í kú nítorí òtútù nìkan, ẹ̀rọ amómigbóná kì í ṣe dandan. Oúnjẹ ni kí o ṣọ́. Ra òṣùwọ̀n ooru omi. Bí omi bá ti ń lọ sí 10°C, fún wọn ní oúnjẹ aláàlìkámà tó rọrùn láti dà nínú, díẹ̀ lára rẹ̀. Bó bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 8°C, má fún wọn mọ́ rárá, bó ti wù kí wọ́n máa wò ọ́ lójú tó. Ikùn wọn kò lè dà á nígbà yẹn. Bí yìnyín bá bo gbogbo ojú omi, má fi òòlù fọ́ ọ, ìró rẹ̀ ń mì ẹja lára. Gbé ìkòkò omi gbígbóná lé e, kó yọ́ ihò kan, kí èéfín burúkú lè rí ọ̀nà jáde.

Omi ẹ̀rọ ìlú yẹn ní kilorínì, nígbà mìíràn kilorámínì tí kì í lọ bí o bá tiẹ̀ gbé omi kalẹ̀. Ra oògùn tó ń pa méjèèjì. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn aláwọ̀ eérú tó ń pẹja níbẹ̀ kò ní fojú fo ọ dá, nítorí náà kí ògiri adágún rẹ dúró ṣánṣán, kó má dà gẹ̀rẹ́, kí o sì ta àwọ̀n bò ó. Ní ti iná mànàmáná, oníṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ni kí o pè. Nǹkan ìkẹyìn: àrùn koi kan wà tí wọ́n ń pè ní KHV, ó ń pa wọ́n bí ilẹ̀ bí ẹní nígbà tí omi bá wà láàárín 16 sí 28°C, òfin ilẹ̀ yẹn sì ní kí ẹni tó bá fura sí i fi tó ìjọba létí. Ẹja tuntun tí o bá rà, ya á sọ́tọ̀ nínú omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó dàpọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Àkúrẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹja pupa mẹ́rin fún mi, ó ní koi ni gbogbo wọn. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀? Ibo tiẹ̀ ni wọ́n ti wá, kí ló dé tí àwọn kan fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, wo ẹnu rẹ̀. Bu ẹja náà sínú abọ́ funfun, kí o tẹ̀ ba kí o wo igun ètè rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Koi ní irùngbọ̀n kúkúrú méjì-méjì lọ́tùn-ún lósì, mẹ́rin lápapọ̀. Goldfish, ẹja ẹwà mìíràn tó jọ koi, kò ní ẹyọ kan. Bí irùngbọ̀n kò bá sí, má san owó koi. Mi ò sọ pé kí o má rà á o. Goldfish rọ́jú ju koi lọ, adágún kékeré sì tó o. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ilé yàrá kan, òun gan-an ni mo máa yàn.

Ìran ẹja carp ni koi. Ní agbègbè Niigata lórílẹ̀-èdè Japan, pàápàá ní àwọn abúlé orí òkè bíi Yamakoshi, àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ń sin carp dúdú fún jíjẹ nínú àwọn adágún tó ń bomi rin oko wọn. Yìnyín ibẹ̀ pọ̀, ẹja yẹn ni ẹran wọn nígbà òtútù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí èyí tó yọ pupa àti funfun lára, wọ́n ń yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ń mú wọn gun ara wọn. Ọdún 1914 ni wọ́n kó wọn wá sí ibi ìpàtẹ ńlá kan ní Tokyo, ibẹ̀ ni gbogbo Japan ti mọ̀ wọ́n. Ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe Yamakoshi báṣubàṣu ní October 2004, adágún ya, ẹja ṣègbé lọ. Hẹlikópítà ni wọ́n fi gbé díẹ̀ lára àwọn òbí ẹja tó yè jáde. Àwọn àgbẹ̀ yẹn padà lọ tún un kọ́. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn náà fún ìyẹn.

Èyí tó funfun tó ní pupa lára ni wọ́n ń pè ní Kohaku. Bí dúdú bá tò sórí funfun àti pupa, Sanke ni. Bó bá jẹ́ dúdú ló tẹ́ sílẹ̀ tí pupa àti funfun wá lé e, Showa ni. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí abo kan bí, díẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ máa ń tò dáadáa, ìyókù ni wọ́n ń ṣà dànù. Iṣẹ́ ṣíṣà yẹn, lọ́dọọdún, ni ẹni tó bá ra ojúlówó ń san owó rẹ̀. Ìwọ má wá ojúlówó Japan ná. Èyí tí wọ́n bí nílẹ̀ wa níbí ti mọ ooru wa. Wá èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, tí lẹbẹ rẹ̀ kò ya, tí kò sí ọgbẹ́ lára ìpẹ́ rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi àrọ̀ àti epìyà díẹ̀ sínú adágún koi mi, kí n máa rí ẹja jẹ? Koi náà ńkọ́, ṣé ó ṣeé jẹ? (Bàbá Ṣọlá, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ṣọlá, ẹ má ṣe é. Àrọ̀ á gbé koi tó bá gba ẹnu rẹ̀ mì lóru. Epìyà á bí títí omi á fi kún fún ọmọ rẹ̀, fílítà yín kò sì ní lè gbé amóníà gbogbo wọn. Koi ṣeé jẹ, carp náà ni; ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá ti fi oògùn wẹ̀ fún àrùn, ẹ má jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ àrọ̀ lẹ fẹ́ jẹ, ẹ gbé táńkì tirẹ̀ sí ọ̀tọ̀, yóò rọ yín lọ́rùn gan-an. Omi ìdọ̀tí tí ẹ bá ń tú láràárọ̀ láti ìdí dúrọ́ọ̀mù kìíní, ẹ dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewédú yín, àfi bí ẹ bá ti da iyọ̀ sínú adágún.